Sukudiráfà ẹlẹ́nu púpọ̀

Sukudiráfà ẹlẹ́nu púpọ̀ jẹ́ irinṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń de sukúrù tàbí tí a fi ń tú u, tí ó ní èèkù kan ṣoṣo ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ṣeé yọ, kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Dípò kí ènìyàn máa gbé sukudiráfà mẹ́fà tàbí mẹ́wàá kiri nínú àpò irinṣẹ́, ọ̀kan yìí ni yóò mú dání, yóò sì máa pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orí sukúrù tí ó wà níwájú rẹ̀ bá ti rí. Àwọn oníṣẹ́ iná, àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, àwọn káfíńtà àti àwọn onílé pàápàá ń lò ó.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ra irinṣẹ́ yìí máa ń fi iye ẹnu tí ó wà nínú páálí rẹ̀ díwọ̀n bí ó ti dára tó. Ṣùgbọ́n iye yìí kọ́ ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí ẹnu kọ̀ọ̀kan ti bá ihò orí sukúrù mu sí, bí irin rẹ̀ ti le tó, àti bí èèkù rẹ̀ ti gba ọwọ́ tó ni ó ṣe pàtàkì. Ẹnu tí kò bá ihò mu ni ó sábà máa ń jẹ orí sukúrù run, sukúrù tí orí rẹ̀ bá sì ti jẹ lè sọ iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún di iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan.

## Orúkọ

Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà “sukudiráfà” ti wọ inú èdè Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí “sukúrù” náà ti ṣe. Nítorí pé èdè Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, a fi fáwẹ́lì sáàárín àwọn kọ́ńsónáǹtì tí ó so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a yá. Bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu oníṣẹ́ kan sí òmíràn.

Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, orúkọ méjì ni ó gbilẹ̀ fún irú ẹnu. Èkíní ni “fláàtì”, fún èyí tí ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ. Èkejì ni “sítáà”, fún èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí àgbélébùú. Ìràwọ̀ ni “sítáà” túmọ̀ sí, orúkọ náà sì lè da ènìyàn rú lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ ra ẹnu oníràwọ̀ gan-an, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Torx. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Nínú àyọkà yìí, “ẹnu” dúró fún irin kékeré tí ó ṣeé pààrọ̀, “orí” dúró fún orí sukúrù, “ihò” sì dúró fún ojú ibi tí a gbẹ́ sí orí sukúrù kí ẹnu lè wọ̀ ọ́.

## Ìtàn

Sukudiráfà ti wà ní Yúróòpù láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí a ṣe ní Jámánì láàárín ọdún 1475 sí 1490, tí a fi orúkọ ilé ńlá Wolfegg mọ̀. Òǹkọ̀wé Witold Rybczynski tọpa ìtàn yìí nínú ìwé rẹ̀ *One Good Turn*, tí ó jáde ní ọdún 2000. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ilà gbọọrọ kan ṣoṣo ni a ń là sí orí sukúrù, nítorí pé ó rọrùn láti fi ayùn irin là á. Àlébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ó dá ẹnu pẹlẹbẹ dúró ní àárín ilà náà: ó lè yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó ha pákó tàbí kí ó gún ọwọ́.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé-iṣẹ́ North Brothers ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ń ta sukudiráfà tí wọ́n pè ní “Yankee”. Bí ènìyàn bá ti èèkù rẹ̀ síwájú, ọ̀pá rẹ̀ a máa yí fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣeé yọ kí a fi òmíràn sí i. Irú irinṣẹ́ báyìí wà lára àwọn tí ó ṣáájú sukudiráfà ẹlẹ́nu púpọ̀ ti òde òní.

Ní ọdún 1908, Peter Lymburner Robertson, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ṣe àgbékalẹ̀ sukúrù tí ihò rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ ni pé sukudiráfà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ yọ̀, ó sì gé e lọ́wọ́ nígbà tí ó ń fi irinṣẹ́ han àwọn oníbàárà, èyí sì mú kí ó ronú sí ihò tí kò ní jẹ́ kí ẹnu yọ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Milton, ní ìpínlẹ̀ Ontario. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Ford lo sukúrù náà fún ọkọ̀ Model T, ṣùgbọ́n Robertson kò gbà láti fi ẹ̀tọ́ ìṣelọ́pọ̀ rẹ̀ lé Ford lọ́wọ́. Èyí wà lára ohun tí ó fà á tí ẹnu onígun mẹ́rin fi gbilẹ̀ ní Kánádà ju ibòmíràn lọ.

Henry F. Phillips, oníṣòwò kan ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, gba èrò tí John P. Thompson kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lé e lórí ní ọdún 1936. American Screw Company ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, General Motors sì lò ó fún ọkọ̀ Cadillac. Ohun tí ó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ ń wá àárín ihò fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ lè dè é kíákíá láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ń fi ojú wá ibi tí ilà dojú kọ.

Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ GKN ní Bìrìtéènì gbé Pozidriv jáde, tí ó jẹ́ àtúnṣe Phillips. Ní ọdún 1967, Camcar Textron ní Amẹ́ríkà ṣe àgbékalẹ̀ Torx. Bí irú ihò ti ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ ni àpò irinṣẹ́ ń wúwo sí i, èèkù kan tí ó lè gba ẹnu púpọ̀ sì di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nílò.

## Àwọn ẹ̀yà rẹ̀

Èèkù ni apá tí ọwọ́ ń dì mú. Ike líle ni a sábà fi ń ṣe inú rẹ̀, a sì máa ń fi rọ́bà rírọ̀ bo òde rẹ̀ kí ó má baà yọ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ bá láàágùn. Bí èèkù bá ṣe sanra tó ni agbára ìlọ́ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ sukúrù ṣe ń pọ̀ tó. Bí ọwọ́ bá fi agbára kan náà yí èèkù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40, ìlọ́ tí sukúrù yóò gbà jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí èèkù mìlímítà 20 lè fún un. Ìdí nìyí tí èèkù tín-ínrín fi yẹ fún sukúrù kékeré inú fóònù, tí agbára púpọ̀ lè ṣẹ́, tí èèkù sísanra sì yẹ fún iṣẹ́ pákó.

Ọ̀pá ni irin tí ó so èèkù mọ́ ẹnu. Ní ṣóńṣó rẹ̀ ni ihò onígun mẹ́fà wà, tí a ń ti ìdí ẹnu bọ̀. Òòfà kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ihò náà, tàbí bọ́ọ̀lù irin tín-ín-tìn-ìn-tín tí sípíríǹgì ń tì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ni ó ń mú un dúró. Òòfà tún ní àǹfààní kejì: ó ń jẹ́ kí sukúrù lẹ̀ mọ́ ẹnu, kí ó má baà já bọ́ sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n sukúrù tí a fi idẹ tàbí alumíníọ́mù ṣe kì í lẹ̀ mọ́ òòfà.

Ìdí ẹnu ni apá tí ó ń wọ inú ọ̀pá. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní igun mẹ́fà, fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí i sì jẹ́ ìdámẹ́rin íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 6.35. Ìwọ̀n yìí wà nínú ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní ISO 1173. Nítorí náà, ẹnu tí a ṣe ní Jámánì lè wọ inú èèkù tí a ṣe ní Ṣáínà, ó sì lè wọ inú ẹ̀rọ ìlùhò pẹ̀lú. Gígùn tí ó wọ́pọ̀ ni mìlímítà 25 àti mìlímítà 50. Àwọn ẹnu kéékèèké tí a fi ń tún fóònù ṣe ní ìdí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, wọn kò sì lè bá èèkù ńlá ṣiṣẹ́.

Ráṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀yà tí ó wà nínú àwọn kan. Ó ń jẹ́ kí èèkù yí padà sẹ́yìn láìyí sukúrù pẹ̀lú, kí ọwọ́ má baà máa jọ̀wọ́ èèkù kí ó tó tún dì í mú. Ó ń dín àárẹ̀ kù lẹ́nu iṣẹ́ tí sukúrù rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí eruku lè dí, èyí tí kò bá sì dára lè já nígbà tí agbára bá pọ̀.

### Bí a ṣe ń ka ẹnu

Nọ́ḿbà tí a kọ sára páálí kì í ṣe iye ẹnu nìkan. Nínú oríṣi kan tí ó wọ́pọ̀, tí a máa ń kọ “6-in-1” sí lára, irin méjì ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ìyẹn di mẹ́rin. Ìpẹ̀kun méjèèjì ọ̀pá fúnra rẹ̀, tí ó ṣeé fi tú nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà, ni a kà mọ́ ọn tí ó fi pé mẹ́fà. Bákan náà ni sukudiráfà “11-in-1” ti ilé-iṣẹ́ Klein Tools, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Chicago ní ọdún 1857: ẹnu mẹ́jọ ni ó ní, pẹ̀lú ihò nọ́ọ̀tì mẹ́ta.

## Oríṣi ẹnu

* Pẹlẹbẹ (“fláàtì”): fífẹ̀ ẹnu ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ní mìlímítà tàbí ní íǹṣì. Ó wọ́pọ̀ nínú púlọ́ọ̀gì àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, níbi tí sukúrù ti ń di wáyà mú. Nínípọn rẹ̀ ṣe pàtàkì bí fífẹ̀ rẹ̀: ẹnu tí kò nípọn tó yóò máa mì nínú ilà, yóò sì jẹ etí ilà náà.
* Phillips (“sítáà”): àmì rẹ̀ ni PH, ìwọ̀n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti PH0000, tí ó kéré jù, dé PH4. PH2 ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé. PH1 wà fún sukúrù tí ó kéré sí i, PH0 àti PH00 sì wà fún kọ̀ǹpútà àgbélétan àti ohun èlò orí tábìlì mìíràn.
* Pozidriv: àmì rẹ̀ ni PZ. Ó jọ Phillips, ṣùgbọ́n ilà tín-ínrín mẹ́rin wà láàárín apá mẹ́rin àgbélébùú náà, tí ó hàn lórí sukúrù. Ó pọ̀ lára àga àti kọ́bọ́ọ̀dù tí a ṣe ní Yúróòpù.
* JIS: àgbélébùú ti ilẹ̀ Jàpánì. Ojú lásán lè pè é ní Phillips, ṣùgbọ́n ihò wọn kò rí bákan náà. Àmì tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Ó wà lára alùpùpù àti ọkọ̀ tí a ṣe ní Jàpánì.
* Onígun mẹ́rin: ihò Robertson. Iṣẹ́ pákó ni ó pọ̀ fún jù, ní Kánádà àti Amẹ́ríkà.
* Onígun mẹ́fà: ihò rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ Allen tú. Mìlímítà tàbí íǹṣì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ó wà lára kẹ̀kẹ́ ológeere àti àga tí ẹni tí ó rà á ń tò fúnra rẹ̀.
* Torx: ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, tí àmì rẹ̀ jẹ́ T. T5, T6 àti T8 wà fún ẹ̀rọ kéékèèké. T20 àti T25 wọ́pọ̀ lára sukúrù pákó. Oríṣi kan ní irin kékeré tí ó dúró ní àárín ihò, kí ẹni tí kò ní ẹnu tí a lu ihò sí ní àárín má baà lè tú u.
* Pentalobe: ó dà bí òdòdó eléwé márùn-ún. Apple ń lò ó ní ìsàlẹ̀ fóònù iPhone.

## Ìbáramu ẹnu àti ihò

Ẹ̀gbẹ́ ihò Phillips rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ojú òkè. Nígbà tí ènìyàn bá fi agbára yí i, apá kan nínú agbára náà ń di ohun tí ó ń ti ẹnu jáde kúrò nínú ihò. Bí ẹnu bá yọ jáde báyìí, yóò máa yí lórí etí ihò, yóò sì máa gé e jẹ títí ihò yóò fi di róbótó. Nígbà náà, kò sí ohun tí ẹnu lè dì mú mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ihò Torx àti ti onígun mẹ́rin kò rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ẹnu wọn kì í fi í tètè yọ.

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fa jíjẹ orí sukúrù. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tí kò bá a mu: ẹnu PH1 lè wọ inú ihò PH2 láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ihò nìkan ni yóò kàn. Èkejì ni irú tí kò bá a mu, bí ìgbà tí a bá ti Phillips bọ inú ihò Pozidriv tàbí JIS. Ẹ̀kẹta ni ẹnu tí ó ti gbó, tí igun rẹ̀ kò mú mọ́.

Ọ̀nà ìdánwò rẹ̀ kò le. A ó ti ẹnu bọ ihò, a ó sì fi ọwọ́ mi èèkù sí ọ̀tún àti sí òsì láìfi agbára sí i. Bí ó bá ń mì, ó yẹ kí a gbìyànjú ìwọ̀n tí ó tóbi jù ú lọ. Ẹnu tí ó tọ̀nà ni èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí ó lè wọ ihò náà dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a bá ń tú sukúrù tí ó ti pẹ́, títẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó ṣáájú yíyí: ọwọ́ yóò tẹ èèkù mọ́lẹ̀ gírígírí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bí ó bá ti dípẹtà, a lè da òróró sí i, kí a sì dúró kí ó rin wọlé.

Bí orí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ègé rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí a fi sáàárín ẹnu àti ihò lè jẹ́ kí ẹnu rí nǹkan dì mú. Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, àfi kí a fi ẹ̀rọ ìlùhò lu orí sukúrù náà kúrò. Iṣẹ́ yìí lè ba ohun tí sukúrù náà dè jẹ́, pàápàá nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà.

## Yíyan èyí tí ó dára

### Fún ilé

Ẹnu díẹ̀ tí ó dára tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ilé: pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan kékeré àti ọ̀kan ńlá, PH1 àti PH2, PZ2, T15 àti T20, àti onígun mẹ́fà mìlímítà 4 àti 5. Ẹnu ọgọ́rùn-ún nínú páálí kan kò wúlò fún onílé tí ó jẹ́ pé PH2 ni yóò máa lò lójoojúmọ́, bí PH2 náà bá jẹ́ irin tí kò le. Ó sàn kí ènìyàn ra díẹ̀ tí ó dára, kí ó sì máa fi kún un bí ìdí bá ti ń yọjú, nítorí pé ìdí ẹnu mìlímítà 6.35 wà níbi gbogbo.

### Fún iṣẹ́

Ohun tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò yàtọ̀. Atúnfóònù-ṣe nílò ẹnu tí ìdí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, pẹ̀lú èèkù tín-ínrín tí ìdérí rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, kí ìka kan lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ìka méjì yòókù ń yí i. Káfíńtà nílò PH2, PZ2, T20 àti T25, ẹnu wọ̀nyí yóò sì tún wúlò fún un nínú ẹ̀rọ ìlùhò. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe nílò ihò nọ́ọ̀tì ìdámẹ́rin íǹṣì àti márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì, nítorí pé sukúrù olórí onígun mẹ́fà ni ó pọ̀ lára páànù ẹ̀rọ náà. Mẹkáníìkì alùpùpù tí a ṣe ní Jàpánì nílò ẹnu JIS. Bí iṣẹ́ bá gba pé kí a fi òòlù lu ìdí èèkù, kì í ṣe iṣẹ́ sukudiráfà ẹlẹ́nu púpọ̀: èèkù rẹ̀ ní àyè nínú, ó sì lè là.

### Àyẹ̀wò kí a tó rà á

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á lè mú sukúrù kan tí ó mọ̀ lọ sí ọjà, kí ó sì fi dán ẹnu wò níbẹ̀. Àwọn ohun tí ó yẹ kí ó wò nìwọ̀nyí:

* Ẹnu kò gbọ́dọ̀ mì púpọ̀ nínú ọ̀pá, kò sì gbọ́dọ̀ já bọ́ nígbà tí a bá dorí èèkù kodò.
* Ó yẹ kí a kọ ìwọ̀n sára ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ẹnu tí a kò kọ nǹkan kan sí máa ń mú kí ènìyàn máa fojú díwọ̀n.
* Igun ẹnu gbọ́dọ̀ mú, kí méjèèjì tí ó kọjú sí ara wọn sì dọ́gba.
* Ibi ìpamọ́ ẹnu gbọ́dọ̀ rọrùn láti ṣí pẹ̀lú ọwọ́ kan, kò sì gbọ́dọ̀ ṣí fúnra rẹ̀ nínú àpò.
* Èèkù gbọ́dọ̀ kún ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Èyí tí ó tóbi jù fún ọwọ́ kékeré burú bí èyí tí ó kéré jù fún ọwọ́ ńlá.

Irin tí a fi krómíọ̀mù àti fanádíọ̀mù pò, tí àmì rẹ̀ jẹ́ CR-V, wọ́pọ̀ fún ọ̀pá àti ẹnu. Irin S2 le jù ú lọ, òun ni a sì ń lò fún ọ̀pọ̀ ẹnu tí ó gbówó lórí. Líle nìkan kò tó: ẹnu tí kò le yóò tètè jẹ, èyí tí ó le jù láìní ìfaradà yóò sì ṣẹ́. Àmì tí a tẹ̀ sára irin kì í ṣe ẹ̀rí pé irin náà rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, nítorí náà ìdánwò lórí sukúrù ṣe pàtàkì jù ú lọ.

## Ewu iná mànàmáná

Ọ̀pọ̀ jù lọ sukudiráfà ẹlẹ́nu púpọ̀ kò ní ààbò kankan lọ́wọ́ iná. Ọ̀pá àti ẹnu wọn jẹ́ irin tí kò sí ohun tí ó bò ó, iná sì lè gba ibẹ̀ dé ọwọ́. Rọ́bà tí ó wà lára èèkù wà fún dídì mú; kò túmọ̀ sí pé a ti dán an wò fún ìdènà iná.

Irinṣẹ́ tí a ṣe fún iṣẹ́ iná ní àmì onígun mẹ́ta méjì tí ó wọ ara wọn, pẹ̀lú “1000 V”. Àmì yìí ń tọ́ka sí ìlànà àgbáyé IEC 60900, tí ó béèrè pé kí a fi fóòtì 10,000 dán irinṣẹ́ wò kí a tó tà á. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀ tí ó bá ìlànà yìí mu, ṣùgbọ́n ọ̀pá gígùn tí a fi ike bò títí dé ẹ̀bá ṣóńṣó ni a ń pààrọ̀ nínú wọn, kì í ṣe ẹnu kúkúrú.

Ní Nàìjíríà, fóòtì 230 ni iná tí ń wọ inú ilé, ó sì tó láti pa ènìyàn. Àwọn kan máa ń dúró kí wọ́n mú iná lọ kí wọ́n tó tú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í pa iná láti orí bọ́ọ̀dù. Iná lè dé lójijì nígbà tí ẹnu sukudiráfà ṣì wà lórí wáyà. Ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ínfátà sì lè ti gbé iná wọ ilé láìjẹ́ pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ mọ̀. Pípa iná láti orí bọ́ọ̀dù, kí a sì fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò lẹ́yìn náà, ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ó tún yẹ kí a ti kọ́kọ́ dán tẹ́sítà náà wò níbi tí a mọ̀ pé iná wà, nítorí pé èyí tí ó ti bàjẹ́ kò ní tàn bí iná tilẹ̀ wà. Tẹ́sítà tí ó rí bí sukudiráfà kò sì lágbára tó láti fi tú sukúrù tí ó le.

## Àwọn àlébù

Ọ̀pá irinṣẹ́ yìí nípọn níbi tí ẹnu ti ń wọ̀ ọ́, nítorí náà kì í lè dé ọ̀dọ̀ sukúrù tí ó wà nínú ihò jíjìn tí ó sì há. Ẹnu gígùn mìlímítà 50 lè yanjú díẹ̀ nínú ìṣòro yìí. Pípààrọ̀ ẹnu léraléra ń gba àkókò, ẹnu tí ó bá sì sọnù kò ṣeé rí tìrọ̀rùn. Fún ìdí yìí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ṣì máa ń ní sukudiráfà ẹlẹ́nu kan fún ìwọ̀n tí wọ́n ń lò jù, tí wọn yóò sì fi ẹlẹ́nu púpọ̀ ṣe ìyókù.

## Ìtọ́jú

Ẹnu jẹ́ ohun tí ń gbó, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí igun rẹ̀ bá ti róbótó tàbí tí ó bá ti lọ́, kò yẹ kí a lò ó mọ́, nítorí pé iye owó ẹnu tuntun kan kéré sí iye ohun tí sukúrù jíjẹ lè bàjẹ́. Òòfà máa ń kó eérú irin jọ, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnu wọlé dáadáa. Aṣọ gbígbẹ tàbí ègé ìlẹ̀mọ́ lè kó o kúrò. Ráṣẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jìnnà sí iyanrìn àti eruku símẹ́ńtì. Ẹnu tí omi bá kàn ní láti gbẹ kí a tó dá a padà sínú èèkù, nítorí pé ìpẹtà lè mú un mọ́ inú ọ̀pá débi tí kò ní ṣeé yọ mọ́.